Ọ̀gá Tó Gé Ọ̀pá Ìwọ̀n Kúrú

Ẹ̀yin tí ẹ ti fìdí kalẹ̀, ẹ máa gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá àga, ẹ tètè mú ọ̀kan, torí nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, àga máa wọ́n.

Ọkùnrin kan ló jẹ́ Ọ̀gá Àgbà ní Iléeṣẹ́ Òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ò ṣòroó yé èèyàn. Bí alápatà bá ń fi ìwọ̀n ta ẹran, àwọn ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwọ̀n náà ń parọ́. Bí aláṣọ bá ń fi ọ̀pá wọn aṣọ, àwọn náà ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀pá ọ̀hún pé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń ròyìn iṣẹ́ yìí, ẹ ó rò pé òun ló fi èjìká gbé ayé dúró kó má baà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló mọ bí nǹkan ṣe wúwo tó?" Báyìí ló ṣe máa ń bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ Mọ́ńdè.

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ta ló mọ bí nǹkan ṣe gùn tó?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà!"

"Bí mo bá fẹ́ kí kílò kan di kílò méjì ńkọ́?"

Níbí yìí, àwọn tó mọ ìṣirò máa ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n igbákejì rẹ̀ á ti fò dìde: "Ó ti di mẹ́ta, sà!"

Igbákejì yìí, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Kò sí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé ju kó gbà lọ. Ọ̀gá sín lọ́jọ́ kan, kàkà kí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kí i kú ewu, ńṣe ló dìde, ó tẹrí ba, ó ní, "A dúpẹ́, sà. A ò retí irú ẹ̀."

Ọ̀gá sanra. Èmi ò fìyẹn bú u o. Kò sí òfin tó ní kéèyàn má sanra, ẹni tó bá sì ń fi ara ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀, a máa kàn án láìpẹ́. Ohun tó ń yọ Ọ̀gá lẹ́nu ni pé orúnkún ń dùn ún, ìtọ̀ ṣúgà ti wọ̀ ọ́ lára, tó bá sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì, ó gbọ́dọ̀ dúró lágbedeméjì kó lè mí. Kí wọ́n má baà mọ̀, ó ní kí wọ́n gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Bó bá ti dé ọ̀gangan ibẹ̀, á dúró, á máa wo àwòrán náà, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, gbogbo èèyàn á sì rò pé ìfẹ́ ara rẹ̀ ló gbà á lémìí. Irọ́ kọ́ náà ni.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ ni ọjọ́ tí mínísítà wá ṣí ìwọ̀n tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Obìnrin ni mínísítà náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín torí pé ẹlòmíì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ títí tí tíì inú ife fi tutù, mínísítà ní, "Ó dáa, ẹ gùn ún ká wò ó."

Ọ̀gá gun ìwọ̀n. Ọwọ́ ìwọ̀n yí biri, ó yí biri, ó lọ kọ lu ìparí, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n.

"Ìwọ̀n yìí ti bàjẹ́!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà figbe ta. "Àfojúdi gbáà ni! Láti ilé ni wọ́n ti bà á jẹ́ wá!"

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé ìwọ̀n tuntun sọ sí yàrá ẹrù, wọ́n kọ "Ọ̀DÀLẸ̀" sí i lára. Àmọ́ bí mínísítà ṣe ń wọ ọkọ̀, ó yíjú sí Ọ̀gá, ó ní, "Ẹ lọ rí dókítà, ẹ jọ̀ọ́." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó fi jẹ́ pé Ọ̀gá ò lè rí i bí ẹ̀gbin.

Ó lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ló tì í lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, ó ti kọ́ ọmọ olórí kunkun títí, kò sì sí orí kunkun tó tún lè yà á lẹ́nu. Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ó ń wo èèyàn lójú tó bá ń sọ̀rọ̀.

"Sà," ló wí, "a máa sọ àpò oúnjẹ yín di kékeré, a ó sì jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà àbùjá kọjá apá kan nínú ìfun. Ẹ máa fọn. Orúnkún yín máa sinmi, ṣúgà náà á wálẹ̀. Àmọ́ ibi tí oúnjẹ ò ní gbà mọ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an lara ti máa ń fa kálísíọ̀mù, òun ló ń mú egungun le. Bí ara ò bá rí i tó nínú oúnjẹ, á lọ máa jí i nínú egungun."

Ọ̀gá sọ ojú sókè. "Jí kẹ̀? Nínú ara tèmi? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Ara yín fúnra ẹ̀ ni, sà. Díẹ̀díẹ̀ ni. Kò ní dùn yín, ẹ ò sì ní mọ̀, títí tí nǹkan á fi kán. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa lo oògùn kálísíọ̀mù. Èyí tí wọ́n ń pè ní sítíréètì ni kẹ́ ẹ lò, torí kò nílò omi kíkan inú ikùn púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ó pín in jẹ láàárín ọjọ́, torí ara ò lè gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, ńṣe ni wọ́n máa ń dí ara wọn lọ́nà. Fítámì Dì náà ń bẹ, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún kálísíọ̀mù wọlé. Tí ẹ bá jókòó ti oúnjẹ, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, wàrà, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ. Ẹ máa rìn, ẹ máa gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀, torí egungun tí kò ṣiṣẹ́ kì í le. Ẹ ó sì máa wá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ká sì ya àwòrán egungun."

"Títí di ìgbà wo?" Ìyá Ìbejì ló bèèrè.

"Títí ayé, mà."

Ọ̀gá dìde. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé á dìde. Ó na ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró.

"Ìwọ dókítà yìí, gbọ́! Egungun tó wà lára mi yìí, egungun aláṣẹ ni! Bàbá mi fi rìn, bàbá bàbá mi fi rìn, kò sí ẹni tó bẹ ẹfun kankan kó tó dìde dúró! Bí òkúta bá ń jẹ oògùn, èmi náà á jẹ! Bí òkè bá—"

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn jẹ́jẹ́, "ẹ jókòó. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún yín yìí ṣí lẹ́yìn."

Ọ̀gá jókòó.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Ní ọ́fíìsì, ohun tó sọ fún wọn ni pé òun fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ gíga kan lórí ìwọ̀n. Nígbà tó padà dé, ó ti ń fọn, bí oṣù sì ti ń gun orí oṣù ló túbọ̀ ń fọn, títí ẹ̀wù rẹ̀ àtijọ́ fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Orúnkún ò dùn ún mọ́. Ṣúgà wálẹ̀. Ó ń gun àtẹ̀gùn láìdúró wo àwòrán. Ìbá ṣe pé ó fi mọ síbẹ̀, tó dúpẹ́, tó ń lo oògùn rẹ̀, mi ò bá tí rí ìtàn sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n ó pe ìpàdé.

"Ẹ wò mí!" ló wí. "Ẹ wò mí dáadáa! Àwọn kan ń bèèrè pé, báwo ló ṣe ṣe é? Mo pàṣẹ fún ọ̀rá ni! Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ní, 'Ọ̀rá, jáde!' Ọ̀rá bi mí pé, 'Sà, ibo ni kí n gbà?' Mo ní, 'Ibi tí o gbà wọlé!' Ìkóra-ẹni-níjàánu! Kò sí oògùn, kò sí ọ̀bẹ, àfi ọkàn akọni!"

Àtẹ́wọ́ dún bí òjò orí páànù. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sunkún. Ó sunkún ní tòótọ́, torí ó ti gbìyànjú láti má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, ebi sì ń pa á. Lẹ́yìn náà ló sáré síwájú, ó gbá Ọ̀gá mú ní ìbàdí, ó sì gbé e sókè.

"Ẹ wá wo ọ̀gá wa! Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́!"

Ó dùn mọ́ Ọ̀gá nínú ju oyin lọ. Láti ọjọ́ náà lọ, gbígbé Ọ̀gá sókè di òfin. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn olórí ẹ̀ka á tò, wọ́n á máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì gbé e tí kò sọ pé "ó mà fúyẹ́ o" kò gbọdọ̀ retí ìgbéga lọ́dún náà.

Òfin kejì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ní ìjókòó ló bí ọ̀lẹ. Wọ́n kó gbogbo àga iléeṣẹ́ dà nù sẹ́yìn ilé. Àwọn akọ̀wé ń tẹ̀wé lórí ìdúró. Awakọ̀ iléeṣẹ́ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ṣé òun náà, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ dìde láti lọ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Òfin kẹta ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gun ìwọ̀n láràárọ̀, kí wọ́n sì máa fọn.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gbàlejò, Màmá Ẹnu Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ tóbi, ẹ̀rín rẹ̀ ló sì tóbi jù. Àlejò tó bá ti bá a sọ̀rọ̀ kì í rántí ìbínú tó gbé wá mọ́. Ó gun ìwọ̀n láàárọ̀, ó gùn ún lọ́jọ́ kejì, kò fọn.

Ọ̀gá mú un dúró níwájú gbogbo wọn. "Wo ara ẹ! Ìwọ lò ń gba àlejò Iléeṣẹ́ Òṣùwọ̀n? Àwọn èèyàn á máa rò pé ìwọ̀n wa ò dáa!"

"Sà, bí màmá mi ṣe rí nìyí," ni obìnrin náà wí. "Mo sì ń gbìyànjú. Ẹ bi àwọn ọmọ mi, oúnjẹ ò jọ mí lójú mọ́."

"Irọ́! Èmi ṣe é! Bí èmi bá ṣe é, kí ló dé tí ìwọ ò lè ṣe é? Aláìlákòóso! Máa lọ sílé!"

Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò sunkún títí tó fi kọjá géètì. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ọ̀bẹ dókítà ló "ṣe é" o. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀bẹ náà. Ohun tó burú ni ọkùnrin tó fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn, tó wá ń fi àpá rẹ̀ na ẹlòmíì.

Oògùn ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Báwo ni ẹni tó pàṣẹ fún ọ̀rá ṣe máa jókòó máa rún kálísíọ̀mù lẹ́nu níṣojú àwọn òṣìṣẹ́?

"Bàbá Ìbejì, ẹ ti lo oògùn yín?" ìyàwó rẹ̀ á bèèrè.

"Mo máa lò ó ní ọ́fíìsì."

"Èyí tí ẹ kó lọ lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Mo ti lò ó."

Inú ṣáláńgá iléeṣẹ́ ló ń dà á sí. Oúnjẹ náà ò yàtọ̀. Ìyá Ìbejì á se ẹja, á bó ẹyin, ṣùgbọ́n ikùn kékeré tètè ń yó pẹ̀lú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá ò sì fẹ́ kí nǹkan yó òun nígbà tí bisikíìtì wà nílẹ̀. Bisikíìtì àti tíì ló ń jẹ kiri. Bí ilé ìwòsàn bá pè pé ó tó àkókò kó wá ṣe àyẹ̀wò, á ní kí wọ́n sọ fún wọn pé òun wà nípàdé. Òótọ́ ni, ó wà nípàdé: wọ́n ń gbé e sókè lọ́wọ́.

Olè inú ara ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọrùn ọwọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí ìjáfara, ó fẹ́ fi gbólóhùn kan múlẹ̀, ló bá fi ọwọ́ gbá tábìlì. Nǹkan kan dún kà. Ọ̀gá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tábìlì ló kán!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà pariwo, "agbára Ọ̀gá ló dá tábìlì!" Wọ́n gbé tábìlì tí ohunkóhun ò ṣe lọ dà nù, wọ́n sì di ọwọ́ Ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì tó dì í bi í bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ kankan fún un rí. "Fún èmi? Nítorí kí ni?" Lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, òtútù mú un. Ó wúkọ́, egungun ìhà kan sì dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ṣòkòtò òun ń wọ́lẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe alágbàfọ̀, ó ní kí ló dé tó fi ń fa ṣòkòtò òun gùn. Alágbàfọ̀ ní, "Bàbá, omi àti ọṣẹ ni mò ń lò, èmi kì í ṣe àdúrà sí i." Ìyá Ìbejì dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ló wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, "ẹ ti kúrú. Ẹ ò rí i ni? Àná ni mo rí i pé orí wa ti dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká padà lọ bá dókítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Kúrú? Èmi?"

Ó fi ìbínú wọ ọkọ̀. Nígbà tó dé iléeṣẹ́, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀n ìjọba jáde, èyí tí wọ́n fi ń yẹ gbogbo ọ̀pá ìlú wò. Ó dúró tì í. Wọ́n wò ó. Wọ́n tún wò ó. Òótọ́ ni, ọ̀pá ń sọ pé Ọ̀gá ti dín kù.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wo Ọ̀gá, ó wo ọ̀pá, ó sì yan èyí tó ń san owó oṣù.

"Sà," ló wí, "ọ̀pá yìí ti gùn jù."

"Ọ̀pá irin gùn?"

"Oòrùn ni, sà. Irin máa ń fẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dúró síbi tí ẹ wà, ọ̀pá ló lọ síwájú. Ìgbéraga ń ṣe é."

Ojú Ọ̀gá là. "Mo ti ń fura sí ọ̀pá yìí tipẹ́," ló wí. Ọjọ́ náà gan-an ló fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n gé ọ̀pá ìwọ̀n ìjọba kúrú títí tí gígùn Ọ̀gá á fi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí gbogbo oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú sì lọ gé tiwọn bá a mu, ẹni tó bá kọ̀ máa rugi oyin.

Ẹ wá wo ayé! Inú àwọn aláṣọ dùn, àwọn tó ń ra aṣọ ò mọ ìdí tí ẹ̀wù ò fi kárí ikùn mọ́. Káfíńtà ṣe ilẹ̀kùn tó fi àlàfo sílẹ̀ tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé. Ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì ń sùn ní kíká bí ọmọ inú oyún. Àwọn kan gbé òkú bàbá wọn wá, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí tuntun, ẹsẹ̀ bàbá sì yọ síta pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ìyẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí olóògbé, àwọn ọkọ ìyàwó tí ṣòkòtò wọn mọ ní orúnkún, àwọn onílé tí fèrèsé wọn ń jábọ́, gbogbo wọn rọ́ dé iléeṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kí wọn káàbọ̀, kò sì sí àga tí wọ́n máa jókòó lé kí inú wọn rọ̀. Ìbínú tó wà lórí ìdúró kì í sinmi.

Mínísítà dé. Ó bá wọn lágbàlá tí wọ́n ń pariwo, Ọ̀gá wà lórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ kan mọ́ ẹ̀yìn.

"Màmá tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà yìí dà?" ni mínísítà kọ́kọ́ bèèrè.

"Wọ́n lé e lọ, mà. Wọ́n ní ó sanra," ni akọ̀wé kan sọ kí ó tó rántí ẹ̀rù tó yẹ kó bà á.

Mínísítà mi orí. "Ta ló gé ọ̀pá ìwọ̀n?"

"Èmi ni, Ọlọ́lá jù lọ!" Ọ̀gá gbé ohùn sókè kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́. "Mo gé e torí pé ọ̀pá ṣàfojúdi! Wọ́n ń sọ fún yín pé mo ti kúrú, pé ara mi ò le mọ́. Irọ́ ọ̀tá ni! Ara mi le ju ti ọmọ ogún ọdún lọ! Igbákejì, gbé mi!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà gbé e. Ó gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mínísítà ń wò. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó ní, "Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́!" Ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Kò sọ̀ ọ́ le. Ọmọdé tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ á rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ Ọ̀gá ṣe kan sìmẹ́ńtì, ohun kan dún nínú itan rẹ̀ bí ẹ̀ka igi gbígbẹ, Ọ̀gá sì wó lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti pàtẹ́wọ́ díẹ̀ kó tó rí i pé òun nìkan ló ń pa á.

Ní ilé ìwòsàn, gbogbo wọn kún yàrá: mínísítà, àwọn olórí ẹ̀ka, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jáde. Ọ̀gá, nínú ìrora tó wà, ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, ó ní ẹni ńlá kì í dá wà. Dókítà tó ń tọ́jú egungun gbé àwòrán sókè síbi iná.

"Sà, egungun yín ti tín-ín-rín gan-an. Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ kankan fún yín rí, tí ẹ fi fọn báyìí?"

Ọ̀gá wo mínísítà. "Rárá. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni."

"Sà, mo fẹ́ kí wọ́n kùn yín lóorun ká tó lè to egungun yìí. Mo sì gbọ́dọ̀ mọ oògùn tí ara yín lè gbà àti èyí tí kò lè gbà. Bí ẹ bá parọ́ fún mi, mi ò bínú. Àmọ́ kì í ṣe èmi lẹ̀ ń parọ́ fún, ọ̀bẹ ni."

Ọ̀gá yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. Ojú Ìyá Ìbejì ti pọ́n.

"Ẹ má wò mí," ló wí. "Mo lè sọ ọ́. Ẹ̀mí yín ni mò ń bẹ̀ fún láti ìgbà yìí wá. Ṣùgbọ́n ẹnu tó pa irọ́ yẹn fún gbogbo ayé ni kó gbé e mì. Ẹ sọ fún un, Bàbá Ìbejì. Mi ò fẹ́ di opó torí ìgbéraga."

Nígbà tí ohùn Ọ̀gá jáde, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti tẹ̀ síwájú.

"Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n gé ikùn mi kù. Wọ́n fún mi ní oògùn egungun, mi ò lò ó. Mo purọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí.

Àṣà ni, kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Mínísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Ọ̀gá títí tí ẹ̀rín fi tán.

"Kò sẹ́ni tó máa fi iṣẹ́ abẹ bú yín," ló wí. "Mo mọ ìgboyà tó gbà. Àmọ́ obìnrin yẹn, ẹ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé kò lè fi ẹnu lásán ṣe ohun tí ẹ fi ọ̀bẹ ṣe." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ lọ sinmi. Iléeṣẹ́ á wá ẹlòmíì."

Báyìí ni àlééfà tán. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fẹ́ gba ipò náà. Nígbà tí wọ́n pè é, mínísítà bi í pé, "Ṣé ẹ rò pé ẹ tó ipò yìí?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mínísítà ní, "Àbí ẹ ò tó o?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n gbé e lọ sí yàrá ẹrù, kó máa nu àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Wọ́n kó àga padà wọlé, wọ́n rọ ọ̀pá tuntun, wọ́n sì lọ bẹ Màmá Ẹnu Ọ̀nà nílé rẹ̀ kó padà wá. Ó jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ dáadáa kó tó gbà.

Ọ̀gá ò rí àlejò kankan nínú àwọn tó máa ń gbé e sókè. Itan rẹ̀ jinná, kò tètè jinná. Ìyá Ìbejì ló ń gbé kálísíọ̀mù àti omi wá, tó ń dúró títí tó fi gbé e mì, tó ń sọ pé, "Ẹ ya ẹnu kí n rí i." Ó ń kọ́kọ́ jẹ ẹja rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀, ó ń ráhùn, ó ń jẹ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn á jọ rìn lọ sí ìparí àdúgbò, á di ọ̀pá ìtilẹ̀ mú, á máa bú ọ̀nà pé kò tẹ́jú.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà ọmọbìnrin àtijọ́. Ọ̀gá ti múra ohun tó máa sọ tí onítọ̀hún bá fi í ṣẹ̀sín. Kò fi í ṣẹ̀sín. Ó kàn ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí wọ́n tó tún ya àwòrán egungun rẹ̀. "Èyí tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ ò lè padà," ni dókítà wí. "Ẹ ò sì ní ga sí i mọ́. Àmọ́ olè yẹn ti dáwọ́ dúró."

Ọ̀gá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn aláìsàn tò sí lórí bẹ́ǹṣì. Ó gún ọ̀pá ìtilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ló bẹ̀rẹ̀. "Lónìí, ọjọ́ ìtàn ni! Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, mo ti bá egungun—"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọmọ kan ń sunkún, nọ́ọ̀sì ń pe nọ́ńbà. Màmá àgbàlagbà kan tó jókòó lápá ibi tí Ọ̀gá fẹ́ gbà kọjá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé kó lè ráàyè. Ó gbé ojú sókè wò ó, ó rí ọ̀pá, ó rí bí itan ṣe ń gbọ̀n, ó sì nawọ́ di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ rọra, bàbá," ló wí.

Ọ̀gá dúró. Ọwọ́ tó nà sókè rọ̀ wálẹ̀, ó sì di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí. Ó sì rọra.